Ẹ̀rọ Tó Mọ Bí A Ṣe Ń Panu Mọ́

Nígbà tí nọ́ọ̀sì Asúbíaró wí lẹ́ẹ̀kẹta pé
"Màmá, ẹ wá ẹ̀rọ sílé, ẹ yé dúró dè wá,"
la gun ọ̀kadà méjì lọ sí Òkè-Fìà,
Ìyá mi níwájú, èmi lẹ́yìn,
gèlè rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jà.

Mukáílà ti pè láti Kánádà:
èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ ni ká rà,
kí òun lè máa wo ẹ̀jẹ̀ Ìyá níbi tí òun wà.
"Ẹ̀jẹ̀ mi?" Ìyá ní. "Kó wá wo ojú mi ná.
Ọdún kẹjọ rèé."

Rábíátù ní ti ọrùn ọwọ́ ló dáa,
ó kéré, ó wọ báàgì, owó rẹ̀ ò ga.
Oyèkànmí tó ni kẹ́mísì mi orí:
"Ìyẹn a máa purọ́ bí ọwọ́ bá rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀.
Apá lókè ni, níbi tó bá ọkàn dọ́gba."
Ó gbé ọ̀kan tó ń sọ̀rọ̀ jáde.
Ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan nínú rẹ̀ kígbe nọ́ńbà lédè Gẹ̀ẹ́sì,
gbogbo ẹni tó wá ra Panadó yíjú.
Ìyá fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó.
"Yàrá mẹ́jọ ló wà nílé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
ògiri wa tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà.
Kí Ìyá Kafayátù máa gbọ́ iye ẹ̀jẹ̀ mi láràárọ̀?
Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé Sábó!
Ẹ fún mi ní èyí tó mọ bí a ṣe ń panu mọ́."

Ó kan ọ̀rọ̀ ìgbànú apá.
Èyí tó wà nínú páálí ò ká a.
Apá tó fi ogójì ọdún po ìyẹ̀fun búrẹ́dì
lẹ́yìn ibùdó rélùwéè,
tó ń na ìyẹ̀fun mọ́ pákó láago méjì òru,
ṣé okùn ọmọdé ló fẹ́ yí i ká?
A fipá dè é. Ó wú, ó kọ ọgọ́sàn-án.
"Irọ́ ni," Oyèkànmí wí. "Bó bá fún apá jù, a máa bù lé e."
Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó pẹ́,
ó gbé èyí tó gùn bọ̀, eruku lórí páálí,
ó fi téèpù wọn apá Ìyá: mọ́kàndínlógójì.
Owó rẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ju ti tẹ́lẹ̀.
Mo wo pọ́ọ̀sì mi. Mo san án.

Láàárọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi,
kí ẹ̀rọ ọlọ́ta tó hó,
ó ti tọ̀, ó ti kírun, kò tíì mu tíì.
Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀,
apá lórí tábìlì tó fi ń gé búrẹ́dì rí.
Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.
Ìyá mi! Ìṣẹ́jú márùn-ún!
Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ bí adìyẹ ṣe ń wá ọkà.

Ẹ̀rọ mí sínú, ó mí síta.
Méjìdínláàádọ́jọ lórí mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ọgọ́jọ ó lé mẹ́rin ni ti ọsibítù.
"Ẹ ò rí i? Nọ́ọ̀sì yẹn ló ń ru ú."

Ó fa ìwé gbèsè búrẹ́dì yọ,
èyí tí Bàbá Táíjù ṣì jẹ wá ní mẹ́rin nínú rẹ̀.
Ó fi rúlà fàlà sábẹ́ ẹ.
Níbi tí a ti ń kọ orúkọ onígbèsè,
ó kọ Ṣífáwù.

A ń dúró kí ìṣẹ́jú kan pé ká tún un wọ̀n.
Ìgbànú ti ń wú nígbà tí fóònù dún.
Kánádà ni.
Ìyá gbé ọwọ́ kejì sókè sí mi: fi sílẹ̀.
Ó ń dún, ó ń dún, ó dákẹ́.

Nọ́ńbà kejì fi mẹ́fà ju ti àkọ́kọ́.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí,
kò kọ ohun tó fà á.